Ewé Mẹ́ta àti Ojú Ọ̀tún Mi

Ìṣẹ́gun, 8/4/2025
Nọ́ọ̀sì Adétáyọ̀ ló ní kí n ra ìwé yìí. Àgùnbánirọ̀ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ara rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kéré. Ó ní ohunkóhun tó bá ti gba ẹnu mi wọlé, kí n kọ ọ́ síbí, ìbáà ṣe ẹ̀pà kan. Mo bi í bóyá kí n kọ itọ́ tí mo ń gbé mì náà. Kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí dókítà sọ nìyí. Awọ funfun tó bo ojú ọ̀tún mi ṣe é ṣí. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ojú ń bọ̀ ní 27/5, orúkọ mi sì ti wọ ìwé. Ṣùgbọ́n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi láàárọ̀ yìí, kí n tó jẹun, jẹ́ 263. Wọn kò ní fọwọ́ kan ojú ẹni tí tirẹ̀ bá ju 140 lọ, nítorí egbò rẹ̀ kò ní tètè jinná. Bí tèmi ò bá wálẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi náà ga. Wọ́n fún mi ní oògùn tí n ó máa lò láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọdún tó ń bọ̀ kẹ̀! Èmi Sùnmọ́nù tí mo ń fi ojú jẹun! Láti oṣù Kejìlá ni Tanko ti ń bá mi fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọmọ Sókótó níbí ni Tanko, òun ló ń ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sama Road, kò sì jẹ́ kí oníbàárà kankan mọ̀. Iléyá ku oṣù méjì, aṣọ ti ga lórí tábìlì, ojú òsì nìkan ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àlàmísì, 10/4
Àárọ̀: kókó tí kò ní ṣúgà, àkàrà méjì. Ọ̀sán: ẹ̀wà, ẹyin kan. Alẹ́: tuwo àgbàdo àti ọbẹ̀ ewé kúkà.

Ọ̀rọ̀ tuwo yìí dá ìjà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n ìkúùkù lọ, kò sì sọ ìkúùkù ta ni. Mo mú Tanko wá sílé, mo ní kó yá mi ní tirẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kan tó ọwọ́ méjì. Rùkáyàt ìyàwó mi wo ìkúùkù Tanko, ó wo tèmi, ó wá bu tuwo ìwọ̀n ìkúùkù tirẹ̀ fún mi. Ebi ń pa mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àìkú, 13/4
Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ẹrù kékeré wá fún mi láti ọ̀dọ̀ Àǹtí Àlàkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ewé ejìnrìn ni, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, ọ̀rá mẹ́ta gbáko. Wọ́n pè mí lórí fóònù.

"Sùnmọ́nù, ṣíbí kan láràárọ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, àní ìyàwó ẹ. Má sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Tó o bá dúpẹ́ ewé báyìí, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́."

Mo yára pa ẹnu dé, nítorí "ẹ ṣé" ti dé ètè mi. Mo kó o pa mọ́ sábẹ́ maṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù. Mo tọ́ ọ wò, ó korò dé inú etí.

Ọjọ́rú, 16/4
Ṣéhù tó fẹ́ fẹ́ Fathiat ọmọ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ike kan jáde láti inú báàgì. "Màmá ní kí n gbé e fún yín, sà. Wọ́n ní ó dára fún ṣúgà àti ọ̀rá."

Màmá rẹ̀ ni Alhaja Làtífátù, ọmọ Ìlọrin tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Mabera. Mo gbé ike náà sún mọ́ ojú òsì. Oògùn ewé tí wọ́n rọ sínú kóró ni, orúkọ rẹ̀ ni Ìsinmi Ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ewé méje ló wà níbẹ̀, wọn kò sọ ìwọ̀n ìkankan. Ṣéhù ní ₦18,500 ni ike kan. Ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá màá lò ó.

Kí ni mo fẹ́ wí? Ta ló ń dá ohun tí àna fún un padà? A ò tíì so yìgì, kí n wá ní n kò gba oògùn ọwọ́ ìyá ọkọ? Wọn á ní bàbá ìyàwó gbéra ga. Mo gbé méjì mì lójú rẹ̀.

Jímọ̀, 18/4
Rùkáyàt náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lónìí. Ó ra zogale, ewé mọ̀ríńgà, lọ́wọ́ Kande tó ń tajà ní ìkóríta. Ewé tútù rẹ̀, ó sè é, ó fi kúlíkúlí pò ó, ìyẹn dùn. Ṣùgbọ́n ó tún ra èyí tí wọ́n lọ̀, ó pò ó mọ́ omi, ife ńlá kan.

"Bàbá Fathiat, ẹ gbé e mu lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má rò ó."

Mo mu ún. Oògùn ọsibítù, ejìnrìn, ewé àna, omi zogale. Nínú àwọn tó ń fún mi ní ewé, kò sí èyí tó mọ̀ nípa èkejì. Mo jókòó rò ó bí télọ̀. Bí mo bá ran abẹ́ apá aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó lè tú. Bí mo bá ràn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó wọ̀ ọ́ á gbó, abẹ́ apá náà á wà níbẹ̀. Kò yẹ kí ara èèyàn yàtọ̀.

Ìṣẹ́gun, 22/4
171!

Adétáyọ̀ wo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣe dáadáa o. Ìwé yín ńkọ́?" Mo ní mo gbàgbé rẹ̀ sílé. Irọ́ ni. Ó wà lábẹ́ maṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejìnrìn, nítorí mo ti ń to gbogbo ohun tí mo ń gbé mì sí ẹ̀yìn rẹ̀, títí kan èyí tí Àǹtí ní kí n má sọ. Ó ní kí n má gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Àìkú, 27/4
Oòrùn òní fẹ́rẹ̀ẹ́ dín àkàrà lórí páánù. Iná ò sí láti àná. Ṣéhù gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà wá, ó gún mi níka: 128. Mo dìde, mo jó yí maṣíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po. Tanko ń pàtẹ́wọ́, ó ní, "Madalla, Baba!" Ṣéhù fi fóònù gba ijó náà sílẹ̀ fún màmá rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Alhaja fi ike kejì ránṣẹ́. Àǹtí náà ti fi ejìnrìn mìíràn sọ́kọ̀. Inú mi dùn débi pé mo sọ ejìnrìn di ṣíbí méjì.

Jímọ̀, 2/5
Agbádá mẹ́rin, kàfùtáànì mẹ́sàn-án. N kò ráyè kọ̀wé.

Ìṣẹ́gun, 6/5
Àná, díẹ̀ ló kù kí n kú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, n kò bù mọ́ ọn.

Mo jáde nílé láìjẹun, nítorí Mamman oníbàárà mi ní òun ń bọ̀ wá gba kàfùtáànì òun laago mẹ́wàá. Mo ti gbé oògùn ọsibítù mì, mo ti mu omi zogale. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo lá ejìnrìn ṣíbí méjì, mo gbé kóró méjì ti àna mì. Gbogbo nǹkan ló wọlé, àfi oúnjẹ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, mo mú sísọ́ọ̀sì láti gé òwú tó kù létí ọwọ́ aṣọ náà. Òógùn bò mí. Mo rò pé ooru ni. Mo mọ̀ pé mo ń gé nǹkan, n kò mọ ohun tí mo ń gé.

"Kai! Baba, lafiya?" Tanko ló ń pariwo. "Ẹ fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀!"

Ọwọ́ ọ̀tún kàfùtáànì Mamman ni, aṣọ ṣadda funfun báláú, mo ti gé e já ní ìgbọ̀nwọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Tanko ní irú àìsàn yìí, nítorí náà Tanko kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ó sáré sọ́dọ̀ ẹlẹ́tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gba ṣúgà, ó rò ó mọ́ omi, ó ní kí n máa mu ún, ó ń lu èjìká mi kí n má bàa sùn. Lẹ́yìn náà ló gbé mi jù sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Adétáyọ̀, 58 ni ẹ̀rọ rẹ̀ kà, ìyẹn lẹ́yìn ṣúgà Tanko.

Tanko ti pe Rùkáyàt. Bí Rùkáyàt ti ń bọ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù kọjá láti mú fìlà mi, ó rí ìwé yìí lábẹ́ maṣíìnì, ó mú un wá, ó sì fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ìyàwó mi kò ṣí i wò. Adétáyọ̀ ló ṣí i, ó sì ń kà á sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"'Ṣíbí kan ejìnrìn Àǹtí.' 'Kóró méjì ti àna.' 'Omi zogale ife ńlá.' Bàbá! Ojoojúmọ́?"

Rùkáyàt yí ojú sí mi. "Zogale ni mo mọ̀. Ejìnrìn ta ni? Bàbá Fathiat, ejìnrìn ta ni?"

Mo di ojú bí ẹni tó ń kú lọ, ṣùgbọ́n kò ràn mí lọ́wọ́.

Adétáyọ̀ fa àga sún mọ́ mi. Kò pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí. Ó ní, "Ewé kì í ṣe eré, Bàbá. Oògùn tí a fún yín ń fa ṣúgà wálẹ̀. Ejìnrìn náà lè fà á wálẹ̀. Èyí tó wà nínú ike yẹn, ta ló mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó? Ẹ kó gbogbo wọn pọ̀ sínú ikùn òfìfo. Tí ẹ bá wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ nígbà tí ara yín ṣe báyìí ńkọ́?"

Dókítà dá ẹjọ́: oògùn ọsibítù àti oúnjẹ nìkan. Zogale, kí n jẹ ẹ́ bí ẹ̀fọ́, kí n má mu ún bí oògùn. Tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á fa orúkọ mi yọ.

Àlàmísì, 8/5
Rùkáyàt kò bá mi sọ̀rọ̀ lánàá, àfi "oúnjẹ rèé." Lónìí ó ń lọ ata, mo gbọ́ tí ó ń dá rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "'Kóró méjì ti àna.'" Ó tún bú sẹ́rìn-ín. A ti parí ìjà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Mamman náà ti bọ́ sí i. Tanko so ọwọ́ aṣọ náà padà, ó fi òwú búlúù ṣe iṣẹ́ ọnà yípo ojú ibi tí mo gé, ó ṣe irú rẹ̀ sí ọwọ́ kejì. Mamman gbé e wọ̀, ó wo dígí, ó ní òun kò mọ̀ pé a ti ń rán irú èyí. Ó ti mú aṣọ ọmọ rẹ̀ wá pé kí a ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Tanko wo òrùlé.

Àìkú, 11/5
204. Mo fi gbogbo ewé sílẹ̀, ó sì gun òkè padà. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Mo wo ejìnrìn tó kù fún ìgbà pípẹ́. Mo ní kí Tanko gbé e kúrò lójú mi.

Ìṣẹ́gun, 13/5
Alhaja Làtífátù tún ti fi ike kẹta ránṣẹ́. Rùkáyàt ní àfi kí a lọ bá wọn fúnra wa, pé ẹni tó ń purọ́ fún àna kí wọ́n tó so yìgì, kí ni yóò ṣe lẹ́yìn rẹ̀? A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mabera. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi jọ láti ilé wa ní Runjin Sambo, ṣùgbọ́n bí a ṣe jókòó báyìí, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Alhaja, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Oògùn yín yẹn... ọsibítù ní kí n má lò ó mọ́. Kì í ṣe pé mo kó o dànù o. Mo lò ó. Mo lò ó jù ni."

Alhaja mí kanlẹ̀. "Alhamdulillahi! Bàbá ìyàwó wa, mo rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn ẹ̀ ni. Ṣéhù fi ijó yín hàn mí, mo ní ẹni tí nǹkan mú jó báyìí, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ike kan, ₦18,500! Ìlẹ̀kẹ̀ mélòó ni mo máa tà?"

Rùkáyàt fi ìborùn bo ẹnu. Alhaja fúnra wọn ti ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ìsinmi ni wọ́n pe ewé náà, ṣùgbọ́n jíjẹ́ ìyá ọkọ kò jẹ́ kí òun sinmi. Wọ́n bu ọ̀pọ̀lọpọ̀ kúkúńbà àti tòmátò fún wa lọ sílé, wọ́n ní ṣé ọsibítù gba ìyẹn. Mo ní ó gbà á.

Àǹtí Àlàkẹ́ nìkan ló kù. Mo pè wọ́n, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sísọ́ọ̀sì, ṣúgà, dókítà. Wọ́n ní, "Sùnmọ́nù, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o dúpẹ́ ni?"

Mo ní n kò dúpẹ́.

"O dúpẹ́ lọ́kàn."

Jímọ̀, 16/5
Adétáyọ̀ ní kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn. Láti ilé dé Sama Road, mo rìn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Tanko ń tẹ̀ lé mi nítorí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi tí n kò rí dáadáa, ó ń kígbe mọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí mi, "Sannu, Baba," "Baba, ẹ ò rí kẹ̀kẹ́ wọ̀ ni?" Ẹni mẹ́ta dúró láti gbé mi. Ó ṣòro kéèyàn máa rìn ní ìlú yìí kí wọ́n gbà pé ó wù ú.

178.

Ọjọ́ Ajé, 19/5
159. Ìsọmọlórúkọ wà ní ilé kejì. Wọ́n gbé wáínà, àkàrà ìrẹsì gbígbóná, kọjá níwájú mi, ṣúgà wà lórí rẹ̀, epo ń dán. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Mo jẹ ẹran méjì, mo mu omi, mo dìde. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi níbi tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ rere.

Ọjọ́rú, 21/5
159 náà. N kò jẹ ohun tí kò yẹ. Mo bínú sí gbogbo ayé, títí kan ewúrẹ́ aládùúgbò tó ń jẹ koríko, tí ṣúgà rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni.

Àbámẹ́ta, 24/5
A lọ aṣọ Iléyá tó kẹ́yìn lónìí, a sì gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ kí n tó lọ, nítorí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ maṣíìnì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ojú òsì ń ta mí, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tí yóò bú mi.

143. Mo bẹ Adétáyọ̀. "Ọmọ mi, mẹ́ta péré ló fi lé. Ṣé a ò lè gbójú fò ó?"

Ó ní, "Bàbá, tí oníbàárà bá ní ṣòkòtò òun fún òun ní íńsì mẹ́ta, ṣé ẹ máa ní kó gbójú fò ó?"

Ọmọ yìí ti kọ́ ibi tí wọ́n ti ń mú mi. Ó wá rọ̀ mí pé ọjọ́ mẹ́ta ṣì kù, pé kí n má ṣe fi ebi pa ara mi, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún mi ní ewé.

Ìṣẹ́gun, 27/5
Kí wọ́n tó gún mi níka, mo ti ka gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú Kùránì. Adétáyọ̀ gbé ẹ̀rọ náà kúrò níwájú mi, ó wò ó. Mo ní, "Ó ti bàjẹ́?" Ó yí i sí mi.

131.

Tanko wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ igbe mi, ó rò pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ láìfi oògùn pa ojú náà kú. Ó fẹ́ já wọlé. Wọ́n dá a dúró.

Iṣẹ́ abẹ náà kò pẹ́ rárá. Fathiat ló bá mi kọ ti òní, nítorí wọ́n ti di ojú ọ̀tún mi, wọ́n ní kí òsì náà sinmi. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, òun ló ni ín.

Ọjọ́rú, 28/5
Adétáyọ̀ ló ṣí báńdéèjì náà. Ìmọ́lẹ̀ gún mi, omi dà, mo pa ojú dé, mo tún là á. Kálẹ́ńdà kan wà lára ògiri ní òdìkejì yàrá. Mo ka ohun tó wà lórí rẹ̀ sókè: 2023. Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú, àfi ìgbà tí Adétáyọ̀ yíjú wò ó. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò láti ọjọ́ yìí. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, ojú kò tì mí.

Rùkáyàt wọlé. Télọ̀ ni mí, kí n tó rí ojú èèyàn, aṣọ ọrùn rẹ̀ ni mo máa ń rí. Bùbá tí mo rán fún un fún ọdún Ítùnú Ààwẹ̀ ti ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Ìró rẹ̀ ti yí i ká kọjá ibi tó yẹ kó dé. Aṣọ tó bá a mu rẹ́gí kò tíì pé oṣù méjì.

Mo ní, "Rùkáyàt, o ṣàìsàn?"

"Èmi kẹ̀? Ara mi le."

"Kí ló wá gbé ara ẹ lọ?"

Ó ń tún ìró rẹ̀ dì. Nígbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ìkòkò kan ni mo ń sè láti ọjọ́ tí ẹ ti ra ìwé yẹn. Ohun tí ẹ jẹ ni mo jẹ, ìwọ̀n kan náà. Bàbá Fathiat, ṣé kí n máa jẹ dùndú níwájú yín ni?"

Fathiat ní ṣúgà kò wọ ilé wa láti ìgbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí mo ṣí ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi ojú tuntun kà á. Ebi ń pa mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo wo wáínà lọ, mo wò ó bọ̀. Èmi, èmi, èmi. Kò sí ibì kankan tí mo kọ ohun tí Rùkáyàt jẹ. Ó dùn mí gan-an, mo sì fẹ́ràn ìyàwó mi ju bí mo ṣe mọ̀ lọ.

Mo rán Fathiat lọ ra ṣúgà onígun páálí kan. Mo po tíì fúnra mi, kóró márùn-ún, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń mu ún látijọ́, mo gbé e fún Rùkáyàt. Ó ní òun kò lè mu ún lójú mi. Mo ní bí kò bá mu ún, èmi á mu ún. Ó gbà á lọ́wọ́ mi kíá. Ó mu ún tán pátápátá, mo sì jókòó sí iwájú rẹ̀, mo ń fi ojú méjèèjì wò ó.